Nígbà tí Ìlù Dákẹ́: Àjàkálẹ̀ Àrùn àti Àwọn tí Ń Fi Ẹsẹ̀ Jẹun

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni mo gbé tọ̀ yín wá lónìí: ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọmọ ènìyàn tí ń fi ẹsẹ̀ jẹun, àti ohun tí ojú wọn rí nígbà tí àrùn Kòrónà dé sí ayé ní ọdún 2020.

Àwọn baba wa mọ àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, tí Ọbalúayé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Olóde kí ẹnu má baà ṣèèṣì dárúkọ rẹ̀ gan-an, bá ń rìn láàárín ìlú ní ọ̀sán gangan, onílù a so ìlù rẹ̀ kọ́ ògiri, olórin a pa ohùn mọ́lẹ̀, àríyá a di ìgbà mìíràn, títí àrùn náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní Olóde kò fẹ́ ariwo. Èmi rí òye ìṣègùn nínú èèwọ̀ yìí, nítorí ibi tí ìlù bá ti dún ni èrò ń wọ́ lọ, ibi tí èrò bá sì wọ́ sí ni àrùn ti ń rí ilé tuntun wọ̀. Ní ayé tiwa yìí, kò sí ìlù tí ọmọ aráyé ń péjọ lù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó dún tó bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá; nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé àrùn náà ti di àjàkálẹ̀ káríayé, dandan ni kí ìlù yìí náà dákẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ó tó dákẹ́, ó ti dún kọjá ìgbà tí ó yẹ kí ó dún mọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, ikọ̀ Atalanta ti ìlú Bergamo ní ilẹ̀ Ítálì gba Valencia ti Spéènì lálejò ní pápá San Siro ní Mílàn, nítorí pé pápá tiwọn nílé kò tó fún ìdíje àwọn ikọ̀ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù. Bí ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ni ó ti Bergamo wá. Wọ́n kún inú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin, wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ mu, góòlù mẹ́rin sì ni Atalanta gbá wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì dì mọ́ ara wọn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé àlejò tí a kò pè ti jókòó sáàárín wọn. Kí oṣù kan tó pé, ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ni ó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ jáde kúrò ní Bergamo, pósí ni wọ́n kó, nítorí ìlú náà kò rí àyè ṣe òkú rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ pe èyí ní ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ Ítálì kan tí ó wọ ọkọ̀ òfurufú láti Mílàn wá sí Èkó, tí ó sì gba ibẹ̀ dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àrùn náà lára, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. N kò sọ pé bọ́ọ̀lù ni ó gbé àrùn dé Ewékorò o. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti Mílàn sí Ewékorò kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ mọ́. Àrùn tí ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún; ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe.

Bí àwọn pápá ayé ṣe tì nìyẹn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, wọ́n kéde pé Mikel Arteta, olùkọ́ni Arsenal, ti kó àrùn náà. Ní ọjọ́ kejì, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró, nígbà tí Liverpool, tí ó ti ń wá ife ẹ̀yẹ náà fún ọgbọ̀n ọdún, ti fi àmì 25 ṣíwájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Faransé fi òpin sí tirẹ̀ láì gbá a tán, wọ́n sì gbé ife fún Paris Saint-Germain. Holland pa tirẹ̀ rẹ́, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ife. Ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, ti Gúúsù Amẹ́ríkà àti Òlíḿpíìkì ti Tokyo sún sí ọdún 2021. Ife Ilẹ̀ Áfíríkà tí ó yẹ kí ó wáyé ní ọdún náà sì di ti 2022. Nílé níbí, líìgì wa dúró nígbà tí Plateau United ti Jos wà lókè, a kò sì gbá a tán. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé etíkun Èkó ní oṣù Kẹsàn-án, ni ó sún ìdíje Gúúsù Amẹ́ríkà tí ì bá wáyé ní Rio de Janeiro di oṣù Karùn-ún ọdún 1919.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnìkan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ wọ̀nyí, kí a wò ó dáadáa. Odion Ighalo ni, ọmọ Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń pe ajé kí ó wá gúnlẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2020, nígbà tí ọjà agbábọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, Manchester United yá a lọ́wọ́ Shanghai Shenhua ti ilẹ̀ Ṣáínà. Ikọ̀ tí ó ti fẹ́ràn láti kékeré ni, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà wọn rí ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé Ṣáínà ni ó ti dé, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ṣe ìgbáradì ní Spéènì, òun dúró sẹ́yìn ní Manchester. Wọn kò jẹ́ kí ó wọ ibùdó ìgbáradì ikọ̀ náà, inú ilé tí àwọn eléré taekwondo ti ń ṣe tiwọn ni ó ti ń dá sáré, tí ó ń dá gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tí ayọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ni a yà sọ́tọ̀ bí ẹni tí Olóde fọwọ́ bà.

Nígbà tí ó wọ pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi fèsì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọjọ́ kan náà tí àyẹ̀wò Ewékorò jáde, ó gbá góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ wọlé sí Club Brugge. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, wọ́n lọ pàdé LASK ní ìlú Linz ní Austria, ní pápá tí wọn kò jẹ́ kí èrò wọ̀; Ighalo gba bọ́ọ̀lù náà, ó ta á lókè lẹ́ẹ̀mélòó kan bí ọmọ Ajégúnlẹ̀ ti í ṣe, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a lu òpó òkè wọlé. Góòlù tí ì bá mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fò sókè, ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó kí i. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ dúró. Ìwé tí wọ́n fi yá a yóò parí ní òpin oṣù Karùn-ún. Bí kì í bá ṣe pé ikọ̀ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan láti sún un dé òpin oṣù Kíní ọdún 2021, ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ padà kí ìlù tó tún dún. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni líìgì náà padà. Ọjọ́ 16 ni Ighalo pé ọmọ ọdún 31.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àgbẹ̀ tí òjò ọdún yìí kọ̀ fún lè ti ọwọ́ bọ àká, kí ó sì dúró de òjò ọdún tí ń bọ̀, nítorí ilẹ̀ kì í darúgbó. Ṣùgbọ́n ara ni oko agbábọ́ọ̀lù, oko náà kì í sì gbà ju bí ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí ó tó ṣá. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nítorí náà, nígbà tí FIFPRO, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé, bi àwọn agbábọ́ọ̀lù 1,602 léèrè bí ọkàn wọn ti rí ní àkókò ìsémọ́lé náà, tí 22 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin àti 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin sì fi àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn hàn, ẹnu kò yà mí. Àrùn náà sì tún ń wọ oko yìí fúnra rẹ̀: léraléra ni àyẹ̀wò Paulo Dybala ti Juventus ń sọ pé àrùn kò tíì lọ, láti oṣù Kẹta di oṣù Karùn-ún; Allan Saint-Maximin ti Newcastle, ẹni tí ń sáré bí àgbọ̀nrín, fi bí oṣù méjì jìnnà sí pápá. Àwọn mìíràn nínú agbo bọ́ọ̀lù kò padà mọ́. Pape Diouf, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tí ó ti jẹ́ ààrẹ ikọ̀ Marseille, jáde láyé ní Dakar ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta.

Jámánì ni ó kọ́kọ́ tún ìlù gbé nínú àwọn líìgì ńlá Yúróòpù, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún. Pápá Dortmund gba ènìyàn tí ó lé ní 81,000, bí ẹgbàá méjìlá àti ààbọ̀ nínú wọn a sì máa dúró ní apá gúúsù, tí aṣọ wọn pọ́n bí ògiri ìyeyè. Ní ọjọ́ yẹn, ògiri náà kò sí. Ìró ẹsẹ̀ lára bọ́ọ̀lù ni a ń gbọ́, àti igbe olùkọ́ni. Àwọn arọ́pò fi aṣọ bo imú, wọ́n jókòó jìnnà síra. Ìgúnpá ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn nígbà tí Haaland gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tí wọ́n fi góòlù mẹ́rin borí Schalke tán, wọ́n rìn lọ síwájú apá gúúsù tí ó ṣófo náà, wọ́n sì yọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé èrò wà. Mo wò ó títí omi lé sí mi lójú, nítorí mo rí oníjó tí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílù tí kò sí nílé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé onílù ni èrò ìwòran lóòótọ́: agbára tí onílé máa ń ní lórí àlejò dínkù ní Jámánì, káàdì tí rẹfirí ń fún àlejò sì dínkù pẹ̀lú. Liverpool, tí ó gba ife tí ó ń wá nígbẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì borí nílé rẹ̀ nínú ìdíje líìgì 68, pàdánù mẹ́fà léra wọn ní Anfield tí ó ṣófo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Nípa owó, ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Barcelona gbà kí a gé 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó wọn ní àkókò tí ìdíje dúró. Ti Juventus fi owó oṣù mẹ́rin sílẹ̀. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ilé kò wó lé wọn lórí. Arsenal kéde ní oṣù Kẹjọ pé òun yóò dín òṣìṣẹ́ 55 kù, àwọn tí orúkọ wọn kì í sí lẹ́yìn aṣọ. Tiwa nílé ńkọ́? Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ ní àdúgbò mi tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo máa ń gbọ́ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lu ògiri ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, gbì, gbì, gbì, bí ẹni tí ń gún odó òfìfo. Nígbà tí ó di oṣù kẹta tí owó kò wọlé, n kò gbọ́ ìró náà mọ́. Ojú iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ti rí i, ó ru sìmẹ́ǹtì pípò lórí, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni ó sì wọ̀, eyín abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Ó kí mi, ó ní, “Ẹ kú ilé, sà,” mo sì wá èsì tì. Kò sí ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sọ ohun tí yóò jẹ bí líìgì bá dúró. Ìwé ni ó gba Ighalo là. Àìsí ìwé ni ó sọ ọmọ àdúgbò mi di alárùú.

Ẹ má ṣe rò pé a kò lè fi òfin tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Nígbà tí a rí i pé ara àwọn agbábọ́ọ̀lù kò tíì gbára, àwọn tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù gbà kí arọ́pò márùn-ún máa wọlé dípò mẹ́ta; ohun tí wọ́n pè ní ti ìgbà díẹ̀ ní ọdún 2020 sì ti di òfin títí láé láti ọdún 2022. Bí a bá lè ronú kan itan tí ó rẹ̀, a lè ronú kan ikùn tí ebi ń pa.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ìjọba àti ọlọ́rọ̀ tí ẹ ni ikọ̀ pé kí ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ìdádúró, kí ẹ sì san gbèsè owó oṣù kí àrùn mìíràn tó bá a nílẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin òbí kí ẹ má fi ọmọ yín sílẹ̀ fún ikọ̀ tí kò fún un ní ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ́ iṣẹ́ kejì mọ́ bọ́ọ̀lù. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje pé bí oníṣègùn bá ní kí ìlù dákẹ́, kí ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ rántí Bergamo. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Nísinsìnyí tí ìlù ń dún, tí pápá sì kún, ni kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì fọwọ́ sí i, ohun tí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ jẹun yóò jẹ ní ọjọ́ tí ìlù bá tún dákẹ́.