Orí Tí Ẹnìkọ̀ọ̀kan Wa Yàn

A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. A júbà àwọn tó ti ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹlẹ́rìí ìpín ni a pe Ọ̀rúnmìlà yìí, orúkọ náà ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí ti wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohun tí Ọ̀rúnmìlà ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni bí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ṣe kúnlẹ̀, tó sì yan ìpín tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi dá Ifá kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ tí a bí lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wo àwọn ìbejì. Inú kan náà ni wọ́n ti wá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé, orúkọ àmútọ̀runwá sì ti ń dúró dè wọ́n. Síbẹ̀, bí a bá ń ṣe àkọsẹ̀jáyé wọn, ti Táíwò lọ́tọ̀, ti Kẹ́hìndé lọ́tọ̀. Odù lè ka ohun kan léèwọ̀ fún ọ̀kan, kí èkejì sì máa jẹ ẹ́ láìsí ewu. Ìyá wọn yóò wá máa se ìkòkò ọbẹ̀ méjì. A ti rí ìyá tó fajú ro nítorí èyí, a kò sì bá a wí, nítorí owó ọbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Lóde òní, ẹlòmíràn a wo fídíò lórí fóònù, a gbọ́ tí awo kan ń ka èèwọ̀ fún ẹni tí òun kò mọ̀ rí, a sì gbé èèwọ̀ náà wọ̀ bí ẹ̀wù. Ó ti wá di ẹni tó ń sá fún ohun tí orí rẹ̀ ń fẹ́.

Gbogbo wa níbí ló mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ sí ilé Àjàlá: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. A kò ní tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣà orí ni a fẹ́ tọ́ka sí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ rí orí tó tóbi, tó fani mọ́ra, wọ́n gbé e. Wọn kò mọ̀ pé kò jinná nínú iná. Òjò ọ̀nà ayé ló wá yìn ín dànù. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó rúbọ, ó sì jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ amọ̀ tọ́ òun sọ́nà. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ fetí sí ẹnikẹ́ni. Ìtàn yìí kò bá wọn sọ ọ́. Ìpín jẹ́ tẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gba kí a bèèrè.

Ní ti orúkọ, àwọn tó ń yọ Ifá kúrò nínú tiwọn kò lóǹkà mọ́. Fábùnmi di Jésùbùnmi, Fágbèmí di Olúgbèmí. A kò bá ẹni tó yí ẹ̀sìn padà jà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, ìtìjú ló ń ṣe wọ́n, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ David Brown Vincent, tí a bí ní 1860, òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní 1894, ó pa orúkọ òyìnbó náà tì, ó di Mojola Agbebi. Kristẹni ló wà títí ó fi kú ní 1917. Kò wá sọ́dọ̀ wa, kò sì pọn dandan kó wá. Ohun tó dá a lójú ni pé òun kì í ṣe Vincent.

Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe àwọn ló yí orúkọ wọn padà. A gbà á lọ́wọ́ wọn nínú oko ẹrú. Síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn ní Bràsíl ń bọ orí títí di òní, bori náà ni wọ́n sì ń pè é. Ní Kúbà, ní ọjọ́ kẹta tí a bá ti ṣe ènìyàn lóòṣà, wọn a da owó ẹyọ sílẹ̀ fún un, wọn a sì kọ èèwọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, tirẹ̀ nìkan.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí àwa fúnra wa ṣe. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ àgbà awo. A ti pinnu pé òun ni yóò jókòó síbi tí àgbà náà jókòó sí. Iṣẹ́ irin ni àkọsẹ̀jáyé rẹ̀ sọ. Baba rẹ̀ mọ̀, àwa náà mọ̀. A ní irin lè dúró ná. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó ti ọpọ́n. Kì í ṣe òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá tó bá kọ́ lónìí, yóò ti gbàgbé rẹ̀ lọ́la. A nà án, a pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a bá ẹní rẹ̀ ní òfìfo. Ìyá rẹ̀ wá sunkún lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní Ifá ti sọ̀rọ̀ tipẹ́, àwa tí a ń túmọ̀ rẹ̀ fún aráyé ni kò gbọ́. A kò ní èsì.

Lọ́dún tó kọjá, òsùn ilé wa dá. Àwa awo kì í sì í fẹ́ kí òsùn dùbúlẹ̀. A ránṣẹ́ pe jórinjórin kan tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ló wọlé, irùngbọ̀n ti yí i lẹ́nu ká. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yẹ irin náà wò, ó ní bí òun bá jó o pọ̀ kò ní pẹ́ tí yóò tún fi dá, kí a jẹ́ kí òun ṣe tuntun. Ó ṣe é láti ìdí dé orí, ó fi ẹyẹ lé e. Nígbà tí a bèèrè owó iṣẹ́, ó ní kí a kọ́kọ́ bá òun bọ orí òun. A bọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Òsùn náà ni ẹ rí lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ ṣe ń wọlé lónìí.