Ẹ Jẹ́ Kí Á Jẹ, Kí Á sì Ṣẹ́ Kù: Ọ̀rọ̀ Lórí Gbòǹgbò Àtá

(Ọ̀rọ̀ tí Alábẹ̀wò sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù)



Ìwé ìṣirò ni ẹ mọ̀ mí mọ́. Lónìí, gbòǹgbò ni mo bá wá. Gbogbo wa ni a mọ orín àtá tí í máa ta ni lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń yẹ orín wò bóyá ó ń pa kòkòrò ẹnu. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi omi gbòǹgbò àtá sí, pupa rẹ̀ kò tètè ṣá. Wọn kò fojú fò ó. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé, nínú ìgò àyẹ̀wò, omi gbòǹgbò yìí ń dá ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀la-dìde tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ti yẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá èròjà tí ó ń ṣiṣẹ́? Wọn á gún gbòǹgbò, wọn á rẹ ẹ́, wọn á pín omi rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, wọn á dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí ó bá ṣiṣẹ́ ni wọn á tún pín, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe ń wá owó tí ó sọnù nínú ìwé ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgò kì í ṣe ara ènìyàn. Ọmọ tí ó bá ní àìsàn yìí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ẹgbẹ́ kan tí mo bẹ̀ wò, wọ́n ń ta gbòǹgbò. Mo rí i nínú ìwé wọn pé owó gbòǹgbò ń dín kù lọ́dọọdún, owó ọkọ̀ sì ń pọ̀ sí i. Akọ̀wé ní igi ìtòsí ti tán. Ẹni tí ó já ewé, igi yóò tún rúwé. Ẹni tí ó hú gbòǹgbò tán ti ná èlé àti ojú owó pọ̀.

Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan igi, kí ẹ fi erùpẹ̀ bò ó. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ láti gbin àtá. Bí oníwàádìí bá sì dé, kí ẹgbẹ́ lápapọ̀ bá a ṣe àdéhùn lórí ìwé.

Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ wa. Ẹ jẹ́ kí á jẹ nínú igbó náà, kí á sì ṣẹ́ kù.