Orúkọ Kan, Inú Méjì

(Ìró irin gbígbóná tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì.)

ASỌ̀TÀN: Lẹ́ẹ̀dì ló ń yọ́ yẹn, sí ẹsẹ̀ tíránsísítọ̀ 2N3055. Ẹni tó bá ti jókòó rí ti àwọn tó ń tún amplifáyà ṣe á mọ̀ ọ́n: irin pẹlẹbẹ, ìdérí róbótó lórí, ihò méjì fún nọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ méjì péré nísàlẹ̀. Ara irin náà ni ẹsẹ̀ kẹta.

Ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ló gbé tíránsísítọ̀ yìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà wá ń ṣe é, wọ́n ń tẹ orúkọ kan náà sí i lórí. Yorùbá ní orúkọ ń roni. Ti èyí kò rò ó. Ti àtijọ́ le, kì í tètè jó, ṣùgbọ́n ó fà. Ìwọ̀n eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 0.8 sí 1 lọ. Nígbà tó yá, wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe inú rẹ̀ padà, eré náà sì di 2.5 sókè.

(Ìró bọ́tìnì kọ̀ǹpútà.)

Kí ni èyí kan ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà? Ó kàn án gan-an. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dán sákíìtì wò, kí owó tó jó mọ́ ọn. SPICE ni baba ètò tó ń ṣe iṣẹ́ náà; Laurence Nagel ló kọ ọ́ lábẹ́ Donald Pederson ní Yunifásítì Califóníà ní Berkeley, wọ́n sì gbé e síta ní 1973. Ṣùgbọ́n SPICE kò fojú kan tíránsísítọ̀ rí. Àwòṣe tí ẹ bá fún un ló mọ̀: ìlà nọ́ńbà díẹ̀, lórí ìlànà tí Hermann Gummel àti H. C. Poon gbé kalẹ̀ ní Bell Labs ní 1970. Nínú àwọn nọ́ńbà náà, BF ń sọ ìlọ́po tí tíránsísítọ̀ ń sọ iná dà. IKF ń sọ ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí IKF yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòṣe ti ń tanni. Ìwé ilé iṣẹ́ sọ pé bí iná tó ń jáde nínú 2N3055 bá jẹ́ ámpíà 4, á jẹ́ ìlọ́po 20 sí 70 èyí tó gba béèsì wọlé. Bó bá di ámpíà 10, ìlọ́po 5 péré ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà fún. Àwòṣe tí kò ní IKF kò mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Amplifáyà á máa kọrin geere nínú kọ̀ǹpútà. Lórí tábìlì, ohùn á ya.

Bob Cordell, tó kọ ìwé lórí amplifáyà, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: ó kọ́ni bí a ṣe ń fi ìwé ilé iṣẹ́ àti ìwọ̀n ọwọ́ ẹni tún àwòṣe ṣe. Èmi náà fara mọ́ ọn. Ẹ mú èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an, ẹ fi mítà wọn fóltéèjì láàárín béèsì àti ẹ̀mítà. Ẹ sọ iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá di ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ tún fóltéèjì náà wọ̀n. Bí ara rẹ̀ bá tutù, tí iná náà kò sì pọ̀ jù, mílífóltì 60 tàbí díẹ̀ lé ni yóò fi ga sí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

(Ìró mítà. Orin amplifáyà wọlé díẹ̀díẹ̀.)