Ògiri Amọ̀, Ọgbọ́n Ilé

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo gbé wá: iṣẹ́ kan náà ni títọ́jú ilé àtijọ́ àti kíkọ́ ilé tuntun tó bá oòrùn àti òjò wa mu. Ẹni tí kò mọ ti àkọ́kọ́ yóò kùnà nínú ìkejì.

Ilẹ̀ pupa tí a dúró lé ní Ìjagun yìí làwọn baba ńlá wa gbẹ́ tí wọ́n fi ṣe Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ilẹ̀ pupa náà ni wọ́n fi mọ ilé. Ògiri amọ̀ nípọn, ooru ọ̀sán kì í tètè là á kọjá. Ọ̀rinrin tó bá sì wọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ a gbà á jáde. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá rówó, sìmẹ́ńtì ló máa ń fi rẹ́ ògiri baba rẹ̀. Ọ̀rinrin á há sábẹ́ sìmẹ́ńtì, ògiri á máa jẹrà nínú bí ojú rẹ̀ ti ń dán. Bó bá wó, wọ́n á ní amọ̀ ni kò dára.

Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà tó tún ń kọ́ ilé, kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, síbẹ̀ ó da ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ n'Ìbàdàn, ó po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó fi yọ búlọ́ọ̀kù tó pè ní latcrete. Òun ló kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican n'Ìbàdàn. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí a ń fi ilé ṣe náà ṣe pàtàkì. L'Ékòó, amọ̀ ni ògiri àkọ́kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street. Ní 1885, ìjọba amúnisìn kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi tún un mọ. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, sọ ibẹ̀ di Freedom Park, tí wọ́n ṣí ní 2010. Níbi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ tẹ́lẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí. Ẹ wo Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti Brazil, nítòsí ibẹ̀: ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Òfin nìkan kì í gba ilé là. Ilé tó ríṣẹ́ ṣe ló ń pẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé sí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tó ń mú ọdún Ojúde Ọba dùn n'Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ilé àtijọ́ kan tọ́jú, kí wọ́n sì fún un níṣẹ́: ilé ìwé kíkà, yàrá àlejò, ibi tí aláṣọ òkè yóò ti máa hun aṣọ. Kí wọ́n wá bíríkìlà tó mọ amọ̀ pò kí wọ́n tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìjagun, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n.