Ọmọ Tó Ní Ìyá Ni Mò Ń Gbé Bískíìtì Lọ Fún

(Ọ̀rọ̀ tí admin wa fi ohùn sọ ní alẹ́ Sọ́ńdè. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ.)

Admin yín ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó fèsì.

Ọ̀rọ̀ owó tí a ń dá láti ọjọ́ Túsìdeè ni. Àǹtí wa kan fi tó wa létí pé ọmọ òun tó wà ní London fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Gánà lásìkò ìsinmi, kó lọ bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ ní ilé ọmọ òrukàn kan. Ó ń wá owó tí yóò fi ra ẹ̀bùn dání. Bí a ṣe gbọ́ báyìí ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò. ₦186,500 ló wà lọ́wọ́ akápò wa báyìí. Àpò yín ò ní gbẹ o. Ọmọ dáadáa lọmọ yẹn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ tí yóò bà á lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí akápò má tíì fi owó náà ránṣẹ́. Ẹ má bínú sí i. Mo ti rin ọ̀nà yìí rí, mo sì kọsẹ̀.

Ẹ̀yin tí a ti jọ pẹ́ ní Sábọ̀n Gàrí mọ̀ pé kí Kòrónà tó dé, mo máa ń lọ kó aṣọ ní Mákólà, ní Accra. Àwa obìnrin mẹ́rin la jọ máa ń wọ̀ sílé kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ló mú wa lọ sí ilé ọmọ òrukàn kan lẹ́yìn ìlú. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti lọ, mo máa ń gbé ìrẹsì, ọṣẹ àti bískíìtì dání. A máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó níbẹ̀. Àwọn kan ń dé, àwọn kan ń lọ. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí á kọ́ àwọn ọmọ ní ABC, ẹni tó bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti A.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ó sáré wá dì mọ́ mi. Inú mi dùn, mo ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn mi o. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń dì mọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé nìyẹn. Ẹ wo ọmọ tiyín nílé. Bí àlejò bá dé, ṣé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kọ́ ló máa kọ́kọ́ sá sí? Ọmọ tó bá ń dì mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, nǹkan kan ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà kẹta, mi ò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Mo bá obìnrin kan lẹ́nu géètì, ó fi ọpọ́n tí wọ́n fi ń ru ẹrù jókòó. Alárù ni. "Kayayo" ni wọ́n ń pe obìnrin alárù ní Accra. "Kaya" tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kaya tí àwa náà mọ̀ ní Kánò ni. Àríwá Gánà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, eléyìí sì gbọ́ Hausa. Mo kí i, ó ní, "Hajiya, ọmọ mi ni mo wá wò." Èmi tí mi ò lọ Mẹ́kà rí! Mo ní ọmọ wo? Ó dárúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ń dì mọ́ mi yẹn ni.

Ó ní ẹnì kan wá bá àwọn níbi tí àwọn ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní àwọn máa bọ́ ọmọ, àwọn á sì rán an níléèwé. Ta ló máa kọ̀? Ó ní, "Wọ́n ní kí n má wá lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀. Wọn ò sọ fún mi pé àlejò ń bọ̀ lónìí." Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ọmọ òrukàn ni wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀. Ó ní iléèwé lòun rò pé òun fi í sí.

Mo jókòó tì í nílẹ̀ níbẹ̀. Ojú tì mí. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ̀ ọ́n: ọjà tí oníbàárà bá ń béèrè la máa ń lọ kó. Èmi tí mò ń gbé ìrẹsì lọ, àwọn òyìnbó tó ń sanwó kí wọ́n lè wá bá ọmọ òrukàn ṣeré, àwa ni oníbàárà. Nígbà tí òrukàn ò pọ̀ tó, wọ́n lọ kó ọmọ tó ní ìyá.

Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ní 2009, iléeṣẹ́ ìjọba Gánà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ṣe ìwádìí. Nínú nǹkan bí 4,500 ọmọ tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀, ó tó 90 nínú 100 tí kì í ṣe òrukàn. Nínú ilé 148, 140 ni kò ní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń ti àwọn kan pa, tí wọ́n ń dá ọmọ padà sọ́dọ̀ ẹbí. Ní Cambodia lọ́hùn-ún, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tí wọ́n kó síbẹ̀ ló ní ìyá tàbí bàbá tó wà láyé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà dá sí ọ̀rọ̀ yìí ní 2019, wọ́n ní kí àwọn ìjọba dá a dúró.

Àwa mẹ́rin dáwó fún obìnrin yẹn. Ó gba yàrá pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó láàárọ̀. A bá a dé ọ́fíìsì ìjọba. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń sọ pé lónìí, lọ́la, kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí mo tún lọ, mo yà kí wọn. Ọmọ yẹn ò dì mọ́ mi. Ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń yọjú wò mí. Èmi ni mo sunkún.

Mi ò sọ pé kò sí ọmọ òrukàn o, mi ò sì sọ pé gbogbo ilé ló burú. Àwọn kan ń ṣe é tọkàntọkàn, àwọn ọmọ kan ò sì lẹ́nì kankan lóòótọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká béèrè. Ṣé ìjọba mọ̀ wọ́n? Ọmọ mélòó ló ní òbí láyé? Ṣé òbí lè wá nígbà tó bá wù wọ́n? Kí ni wọ́n ń ṣe kí ọmọ lè padà sílé? Àti pé ṣé ẹnikẹ́ni kàn lè wọlé wá gbé ọmọ, kó ya fọ́tò rẹ̀? Bí wọ́n bá gba àlejò láìbi í ní nǹkan kan, ẹ ṣọ́ra. Bí àlejò rere ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ náà lèèyàn burúkú ṣe lè wọlé.

Àǹtí wa, ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ wa kó bi wọ́n láwọn ìbéèrè yìí. Bí ìdáhùn wọn bá dáa, owó yìí á lọ, màá tún fi tèmi kún un. Bí kò bá dáa, kó wá àwọn tó ń ran ìyá lọ́wọ́ kí ọmọ má bàa kúrò nílé, ká kówó fún wọn. Òrìṣà bí ìyá ò sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, kó bá akápò sọ̀rọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ sọ èrò yín títí di alẹ́ Wẹ́sìdeè. Ẹ jọ̀ọ́, ká má bú ara wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà á tà o. Ó dàárọ̀.