Igún, Ìtẹ́ Rẹ̀ àti Àwa Awo

 

Kò sí awo tí kò mọ ipò igún nínú ẹbọ: bí ó bá bà lé e, ọkàn ẹlẹ́bọ a balẹ̀. Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ ní Muṣin, igún a máa tò sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Lónìí, ẹ wo òfuurufú láti Ojúwòyè dé Yábàá, kí ẹ yà sí Sùúrùlérè. Àwòdì ni ẹ ó rí, òun náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ìhà gúúsù ni ó ti ń yé tí ó ń pa, kí ó tó gba òkè ọya lọ bí òjò bá dé. Ẹni tí ó bá wá a nínú òjò, tí ó sì ní ó ti tán, kò kà á dáadáa.

Ẹni tí ń ka ẹyẹ apẹranjẹ a máa gba ọ̀nà kan náà, ní àkókò kan náà, a sì kọ iye tí ó rí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Jean-Marc Thiollay, ará Faransé, ṣe ní Mali, Burkina Faso àti Niger láàárín 1969 sí 1973. Nígbà tí ó padà ní 2003 àti 2004, àwọn igún ńláńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́yìn odi igbó ọba.

Ṣùgbọ́n ìtẹ́ ni ẹ̀rí. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún inú ìlú ń yé lẹ́ẹ̀kan, lórí igi gíga. Àwọn àgbà ní gúnnugún kì í kú léwe. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Arúgbó igún lè wà lórí òrùlé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí ìtẹ́ ti ṣófo, kí a máa rò pé wọ́n ṣì pọ̀.

Ní 2015, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́. Ìwádìí tí Darcy Ogada àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé májèlé ló ń pa igún Áfíríkà jù. Òwò oògùn ìbílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, nǹkan bí 29 nínú ikú 100 tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Èyí kàn wá. Orí igún ń bẹ lórí àtẹ lẹ́kulẹ́ja. Ẹni tí ń rà á, oníbàárà wa ni, tàbí àwa fúnra wa. Àwọn kan á ní àwúre kò lè jẹ́ láìsí i. A kò gbà. Èèwọ̀ ni àwọn tí ó kọ́ wa ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí. Bí a bá pa ẹni tí ń gba ẹbọ, ta ni a ó gbé ẹbọ fún? Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ewé rọ́pò rẹ̀. Ewé kò sì ṣàjèjì sí wa.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí: kí awo kọ̀ọ̀kan yan ojú ọ̀nà kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó máa rìn ín ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ifá, kí ó kọ iye igún, àwòdì àti àṣá tí ó rí, igi tí ìtẹ́ wà, àti bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá rí ẹyọ kan, kí ó kọ òdo, kí ó má fi àyè sílẹ̀. Kí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọdún Ifá tí ń bọ̀ tó kò.