Àwọ̀ Agẹmọ àti Ohun Tí Ó Ń Sọ fún Ẹni Tí Ó Ń Sìn Ín



Bí a bá bi ọmọ Yorùbá mẹ́wàá léèrè ìdí tí agẹmọ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀gà, fi ń pa àwọ̀ dà, àfàìmọ̀ kí mẹ́sàn-án nínú wọn má sọ pé ibi tí ó bá dúró sí ni ó ń fara wé, kí ọ̀tá má baà rí i. Èrò náà kì í ṣe tiwa nìkan. Ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sin agẹmọ sínú ilé bí a ti ń sin ológbò. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé àṣìlóye ni, àti pé àṣìlóye yìí ń pa ẹranko.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ń lọ lábẹ́ awọ. Aristotle ti mẹ́nu bà á láyé àtijọ́. Ernst Brücke sì tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní Vienna ní 1852. Fún ìgbà pípẹ́, àlàyé tí a gbà ni pé èérún ọ̀dà inú awọ ni ó ń tàn kálẹ̀ tí ó sì ń kó jọ. Òótọ́ wà nínú èyí, pàápàá nípa dúdú: sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ó ya ẹ̀ka bí igi, bí èérún dúdú inú rẹ̀ bá tàn dé orí ẹ̀ka, ara agẹmọ á ṣú, bí wọ́n bá sì padà sí àárín, ara á mọ́. Ṣùgbọ́n ní 2015, Michel Milinkovitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Geneva fi hàn pé èyí nìkan kọ́. Lára agẹmọ Madagásíkà tí a ń pè ní Furcifer pardalis, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì tí ó kún fún kírísítálì guanine kéékèèké, tí a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Kírísítálì wọ̀nyí kò ní àwọ̀ kankan fúnra wọn. Àlàfo tí ó wà láàrin wọn ni ó ń pinnu irú ìmọ́lẹ̀ tí wọn yóò dá padà. Bí ara agẹmọ bá balẹ̀, wọ́n á sún mọ́ra, wọ́n á dá àwọ̀ aró padà. Ọ̀dà tí ó dàbí ìyeyè wà lókè wọn, àpapọ̀ méjèèjì ni a ń rí bí àwọ̀ ewé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná sí ìjà tàbí sí abo, àlàfo náà á fẹ̀, àwọ̀ ìyeyè, ti ọsàn àti pupa á sì yọ. Ẹni tí ó bá ti wo ìfófòó ọṣẹ nínú oòrùn ti rí ohun tí ó jọ ọ́: kò sí aró nínú omi ọṣẹ, síbẹ̀ àwọ̀ ń ṣàn lára rẹ̀.

Kí ni agẹmọ ń fi gbogbo èyí ṣe? N kò sọ pé àwọ̀ ewé kì í pa á mọ́ lórí igi. Ìyípadà ni mò ń sọ. Devi Stuart-Fox àti Adnan Moussalli fi oríṣiríṣi agẹmọ kékeré ilẹ̀ South Africa wé ara wọn ní 2008. Àwọn tí ń pa àwọ̀ dà jù kì í ṣe àwọn tí ibùgbé wọn ní oríṣiríṣi àwọ̀, bí kò ṣe àwọn tí ń fi àwọ̀ ṣe fáàrí gidigidi níwájú ara wọn. Ní 2013, Russell Ligon àti Kevin McGraw wo akọ agẹmọ irú ti Yemen bí wọ́n ti ń jà: èyí tí orí rẹ̀ bá tàn jù, tí ó sì yára tàn, ni ó sábà ń borí. Èyí tí a bá ṣẹ́gun á ṣú, ìjà á sì parí.

Nínú ìtàn Ifẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, Olókun pe Olódùmarè níjà aṣọ, Agẹmọ ni a rán sí i. Gbogbo aṣọ tí Olókun bá wọ̀ jáde, Agẹmọ á ti wọ irú rẹ̀ sára. A kì í sábà ṣàkíyèsí pé Agẹmọ inú ìtàn yìí kò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iwájú abánidíje ni ó dúró sí, àwọ̀ ni ó sì fi dá a lóhùn. Ìtàn náà kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó sún mọ́ òtítọ́ ju ọ̀rọ̀ ìfarapamọ́ tí a ń sọ lójoojúmọ́ lọ.

Wàyí o, ẹ wo ẹni tí ó fi agẹmọ méjì sínú àgò kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń tàn, èkejì ṣú. Onílé á máa yin èyí tí ń tàn fún àlejò, á ní ọ̀lẹ ni èkejì. Ọ̀lẹ kọ́. Ẹni tí a ṣẹ́gun ni, kò sì rí ibi sá lọ. Ó lè má jẹun mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo pàápàá lè bá òjìji ara rẹ̀ nínú dígí jà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí agẹmọ bá dúdú ní òwúrọ̀ tí ó ń yáàrùn, kò sí ewu: dúdú a máa gba ooru, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wọ aṣọ dúdú rìn ní ọ̀sán gangan ti mọ̀. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òtútù, ìbẹ̀rù tàbí àìsàn ni. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí lóru, oorun ni. Bí ó bá dàbí eérú, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ bọ́ awọ. Abo irú ti Yemen tí ó lóyún ẹyin á ṣú, àmì aró àti ìyeyè á sì yọ lára rẹ̀. Ó lè ní ẹyin láìrí akọ rárá, bí kò bá sì rí ilẹ̀ gbẹ́ láti yé e sí, ẹyin náà lè pa á.

Kì í ṣe gbogbo àrùn ni àwọ̀ ń sọ. Ojú tí ó jìn wọnú ni ó ń sọ ti òùngbẹ, nítorí agẹmọ kì í sábà mu omi inú àwo. Omi tí ń kán lórí ewé ni ó mọ̀. Egungun tí ó rọ̀ nítorí àìrí ìtànṣán oòrùn kì í fi àwọ̀ kìlọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti Tógò àti láti Bẹ̀nẹ̀, tí a ń pè ní Dahomey títí di 1975, ni a ti ń kó Chamaeleo senegalensis àti Chamaeleo gracilis, agẹmọ ilẹ̀ wa gan-an, ránṣẹ́ sí òkè òkun. Láti 1977 ni àdéhùn àgbáyé ti béèrè ìwé àṣẹ fún irú òwò bẹ́ẹ̀. Inú igbó ni a ti mú púpọ̀ nínú wọn. Òùngbẹ ti gbẹ wọ́n kí wọ́n tó dé. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan tí ó ṣú lè rò pé bí a ti dá a nìyẹn. Kí ó gbé e síbi tí ó dákẹ́, tí ewé pọ̀, tí omi ń kán, tí agẹmọ mìíràn kò sí. Bí àwọ̀ ewé kò bá padà láàrin ọjọ́ díẹ̀, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.